Ẹnu Oyèdìran Lórí Ìṣó

Ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́ àlá tí Oyèdìran gbẹ́nàgbẹ́nà lá lóru àná. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ ọ fún wa láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fá pákó lọ ni, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Bó ṣe rọ́ ọ náà ni n ó ṣe rọ́ ọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, orun ni kí ẹ bi, ẹ má bi mí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé lọ́kàn sùn. Nírọ̀lẹ́ àná, Alága Gbádébọ̀ kó àwọn èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú wá sílé Oyèdìran. Wọ́n ní Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì wa yìí, ni àwọn fẹ́ kó lọ ṣojú agbègbè wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Mosúnmọ́lá ní ó wu òun, ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ òun ni wọn ó ti gbọ́ ọ. Ni gbogbo ojú bá yí sí Oyèdìran. Ó wúkọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi òru rò ó, kí wọ́n padà wá láàárọ̀, nítorí àwọn ọmọ ni òun ń rò. Àwọn ọmọ kẹ̀! Ká má tilẹ̀ sọ ti Dúró àkọ́bí, èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń fá irùngbọ̀n. Owú ni ọkùnrin yìí ń jẹ. Alága Gbádébọ̀ ti pe ìyàwó rẹ̀ ní "ọlọ́lá wa" lójú rẹ̀, ìyàwó sì ti rẹ́rìn-ín sí Alága. Ẹ̀rín yẹn ló bá Oyèdìran wọ yàrá, òun ló sì bá a sùn.

Bó ṣe dijú báyìí, iwájú ilé aṣòfin ló bá ara rẹ̀. Ní tòótọ́, ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ wa ní, ṣùgbọ́n orun kì í ka ìwé òfin. Nínú àlá yìí, méjì ni. Ilé ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ aráàlú lè dé. Ilé òkè ń léfòó lójú sánmà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá. Garawa kan ń lọ ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń gbé òfin gòkè. Oyèdìran ò rí ohun tó burú nínú gbogbo èyí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wá.

Sájẹ́ńtì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọ̀pá àṣẹ ilé sẹ́yìn bí ọmọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé aṣòfin ni yín ni, àbí àlejò?"

"Ọkọ aṣòfin ni mí."

"Ipò yẹn ò sí nínú ìwé wa. Àlejò ni yín. Àjà òkè yẹn ni ibùjókòó àlejò. Àlejò lè wò, ó lè gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi fi ẹnu yín sílẹ̀ kí ẹ tó gòkè."

Oyèdìran yọ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ṣí fìlà, ó gbé e fún un. Sájẹ́ńtì fi kọ́ ìṣó lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àwọn àlejò yòókù. Ó dun Oyèdìran díẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹnu o, nítorí ìṣó náà ni. Wọ́n ti kàn án wọ́, kò sì sí gbẹ́nàgbẹ́nà gidi tó máa kàn án bẹ́ẹ̀.

Ó gun àjà, ó jókòó lórí igi òrùlé, ó wo ìsàlẹ̀. Mosúnmọ́lá nìyẹn láàárín àwọn aṣòfin, ó wé gèlè tí ọkọ rẹ̀ ò rí rí, ó jókòó sórí àga kan tó tóbi, tó ní tìmùtìmù. Àga náà gbójú sókè.

"Bàbá Dúró, ẹ kú ìjókòó o," ni àga wí. "Ìyàwó yín ò wúwo rárá. N ò kọ̀ kí n gbé e di alẹ́."

Ẹ wò ó, Oyèdìran bẹ̀rẹ̀ sí í jowú àga. Òun tó ń kan àga fún gbogbo ìlú, àpótí ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó lé ní ilé ìdáná. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ó bá a kan àga kan.

Abẹnugan ilé wọlé pẹ̀lú òòlù kékeré lọ́wọ́, gbogbo ilé dìde. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ sì funfun nini. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí Oyèdìran ṣe là á yé wa: nílé yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ àfi tí ojú Abẹnugan bá bá tirẹ̀ pàdé. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀, Abẹnugan nìkan ni yóò máa wò, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Mosúnmọ́lá dìde. Abẹnugan wò ó, òun náà wo Abẹnugan.

"Ọlọ́lá jùlọ, Abẹnugan ilé," ló wí. Ohùn tó fi wí i, Oyèdìran ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà.

"Ẹ̀yin èèyàn," ni Oyèdìran wí fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, "ọkàn mi gbóná bí ààrò." Ó fẹ́ bi wọ́n pé ta ni ọlọ́lá jùlọ níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Lórí ìṣó níbi tó wà, ẹnu náà ń kùn.

Àbá òfin ni Mosúnmọ́lá gbé wá, pé kí omi àti ibùsùn wà ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí. Bébà rẹ̀ fẹ̀ tó ẹní. Nígbà kíkà àkọ́kọ́, akọ̀wé ilé kàn pe orúkọ rẹ̀ ni, àbá òfin dáhùn pé, "Mo wà níbí o," ó tún jókòó. Nígbà kíkà kejì ni wọ́n wá ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n bí òfin náà tàbí kò yẹ. Aṣòfin kan tó de táì pupa dìde, ó ní òun kín ọlọ́lá obìnrin náà lẹ́yìn. Kò tíì wí i tán tó fi yọ kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kín in lẹ́yìn lórí bùbá, ọṣẹ ń hó.

"Ìlànà ilé ni, Bàbá Dúró," ni àga wí. "Ẹ má bínú."

Oyèdìran bínú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bínú lọ, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí òun ti kín obìnrin yìí lẹ́yìn gbẹ̀yìn, lọ́nà èyíkéyìí. Kò rántí.

Abẹnugan gbé àbá òfin náà fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìgbìmọ̀ gbé e wọ abẹ́ tábìlì. Èèyàn tó dé fìlà ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, ewúrẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n jáde. Etí kan lára bébà náà ti wọ ikùn lọ.

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní," ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. "Ó dùn."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé ó ń ràn, torí kò pẹ́ tí irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n Abẹnugan, ìwo gbé fìlà rẹ̀ sókè, ó di òbúkọ ńlá kan lórí àga. Inú Oyèdìran dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí obìnrin tó máa fi ojú rere wo òbúkọ. Àfi bí Mosúnmọ́lá ṣe tẹríba, tó gbójú sókè, tó tún wo òbúkọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà.

"Ọlọ́lá jùlọ, Abẹnugan ilé."

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èyí tó kù láyà Oyèdìran tán níbẹ̀. Ó búra fún wa pé òun ò jowú ọkùnrin kankan láyé òun tó bí òun ṣe jowú òbúkọ yẹn.

Wọ́n ka àbá òfin nígbà kẹta, ó wá ku kí ilé dìbò kí garawa tó gbé e gòkè.

"Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn, ẹ wí pé bẹ́ẹ̀ ni," ni òbúkọ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹ̀yin tí ẹ lòdì sí i, ẹ wí pé ó tì."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Akọ̀wé ilé gbé ariwo méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, wọ́n dọ́gba. Garawa yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kí n máa lọ ni àbí kí n dúró? Àwọn ará òkè ń pariwo lé mi lórí." Akọ̀wé yẹ ìwé ìlànà wò, ó ní bí ariwo bá dọ́gba, ẹnu ọkọ ẹni tó gbé àbá òfin wá ni kí wọ́n lọ gbé wá.

Oyèdìran gbéra sọ lórí àjà. Ṣé ẹ rí i pé ipò wà fún un? Ó ti mọ ohun tó máa wí. Yóò wí pé ó tì. Àbá òfin yóò ṣubú, Mosúnmọ́lá yóò ká gèlè rẹ̀, yóò tẹ̀lé e lọ sílé, òbúkọ yóò wá ẹlòmíràn máa wò. Ṣùgbọ́n kò rántí pé ẹnu ò sí lọ́wọ́ òun. Sájẹ́ńtì gbé e wọlé nínú abọ́ tó ní ọmọrí, ó gbé e ka iwájú òbúkọ.

"Ẹnu àlejò, bẹ́ẹ̀ ni àbí ó tì?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná," ni ẹnu dáhùn.

Oyèdìran ń juwọ́ sí i láti òkè pé kó má ṣàlàyé. Ẹnu ò wò ó.

"Ọkùnrin yẹn ti ń rán mi níṣẹ́ irọ́ tipẹ́," ni ẹnu wí. "Lánàá, ó ní kí n wí pé àwọn ọmọ ni òun ń rò. Irọ́ ni. Owú ló ń jẹ. Ó ń jowú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Bẹ́ẹ̀, òun tí wọ́n jọ wà nínú ilé, tí obìnrin yìí bá ti ní, 'Bàbá Dúró, mo fẹ́ sọ nǹkan kan,' rédíò ló máa ń yí sókè. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ nílé ni kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́."

Àwọn ewúrẹ́ pàápàá dẹ́kun àpọ̀jẹ. Mosúnmọ́lá wá ṣe ohun tí òfin ilé kọ̀: ó yí ojú kúrò lára Abẹnugan, ó gbé e sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ lórí igi òrùlé. Kò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́.

"Ètò! Ètò!" ni òbúkọ ń pariwo. Mosúnmọ́lá ò dá ojú padà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àlá ni Oyèdìran ti ń wá ojú yẹn. Nígbà tó wá rí i, kò lè gbà á. Ojú tì í gan-an, ó sì wí bẹ́ẹ̀ fún wa láìfi bò. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn igi òrùlé.

"Ẹnu, à ń dúró dè ọ́," ni òbúkọ wí, ó gbé òòlù sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni àbí ó tì?"

Oyèdìran fò láti orí àjà kó lè já ẹnu rẹ̀ gbà kó tó dáhùn. Ó fò ṣì. Inú garawa ló bọ́ sí, garawa sì ṣe bí ẹni pé òun ni òfin tí wọ́n ń dúró dè, ó gbéra. Ó ń gòkè lọ, ìyàwó rẹ̀ ń kéré sí i nísàlẹ̀. Ó rí i tí ẹnu ń là, kò gbọ́ ohun tó wí. Ó kàn gbọ́ òòlù ni: kó, kó, kó.

Ilẹ̀ ti mọ́. Alága Gbádébọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn. Mosúnmọ́lá ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, ó jókòó sí etí ibùsùn.

"Bàbá Dúró, wọ́n ti dé o," ló wí. "Kí wọ́n tó wọlé, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

Oyèdìran wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ti wà lórí rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, àtàǹpàkò ti di ibi tí wọ́n fi ń yí i mú. Ó ní òun ò rán an, fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀. Ó mú un kúrò, ó dìde jókòó.

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Mosúnmọ́lá la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo rédíò, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò kọjá ibẹ̀ yẹn rí, kò sì tètè rántí èyí tó kù.

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jí ire o, onílé!" ni Alága Gbádébọ̀ ké láti ìta. "A dé o! Kí lẹ wí?"

"Ẹ ní sùúrù, Alága!" ni Oyèdìran dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Dúró ni ọ̀rọ̀ kàn."