Àpótí Tí Mo Ṣe fún Àbúrò Mi

Bí gílóòbù bá jó, iná kú nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà nínú àpótí ìdíwọ̀n iná mànàmáná tí èmi ń ṣe, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Irin mẹ́ta ló fi dúró bí ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Òun ni aṣọ́nà. Òun ló ń díwọ̀n iye iná tó máa kọjá lọ sí ìdí ìkòkò. Tí òun bá jó, kì í ti ilẹ̀kùn. Ńṣe ló máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu, tí gbogbo iná á máa wọlé, kódà kí o yí bọ́tìnnì sí òdo kí o sì jókòó lé e lórí. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń pọn ọtí líle nínú ilé ara wọn ni mo ń ṣe àpótí yìí fún. Ọtí pípọn ò fẹ́ ìwàǹwára. Iná gbọ́dọ̀ rọra gbé èéfín ọtí sókè, kí èéfín náà gba inú páìpù tútù kọjá, kó di omi, kó máa kán sínú ìgò. Bí iná bá pọ̀ jù, èéfín á jáde bó ṣe wà, èéfín ọtí ò sì yàtọ̀ sí bẹntiróò.

Àbúrò mi wà lára àwọn tó ń pọn ọn. Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì tọ́ sí i, ẹni tó ń nu ìdí ìkòkò kó tó gbé e kaná. Èso tó ti rọ̀ jù ló ń lò, nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé Màmá. Òun fúnra rẹ̀ kì í mu ọtí. Á fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò, á tu ú sínú garawa, á fi omi yọ ẹnu. Màmá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ tí mo bí ń pọn ọtí, ó ń tu ú dànù. Bàbá rẹ̀ tí kò pọn ọtí rí, kò tu ẹ̀kán kan dànù!"

Nígbà tí mo gbé àpótí náà fún un, ó ku nǹkan kan. Súwíìṣì ńlá onírin kan wà tí à ń fi sí iwájú Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á já iná náà ní tòótọ́, gbàkà, Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ì báà yè, ì báà kú. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílé mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi í sínú àpótí oníbàárà kan tó ń fi fóònù dà mí láàmú. Oníbàárà lè bínú lọ. Àbúrò ẹni ò ní ibi tó ń lọ. Mo ní tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ihò iná ara ògiri ilé ìdáná náà sì ti ń yọ́, torí náà mo yọ ọ́ kúrò, mo so wáyà àpótí mọ́ wáyà ilé tààrà. Kò wá sí ohun tí èèyàn lè fà yọ mọ́. Bọ́tìnnì nìkan ló kù.

Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo fún un ní òfin. Mo ní, "Bí o bá ṣe tán, yí i sí òdo, kí o sì kígbe rẹ̀ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹni tó bá kígbe ò lè gbàgbé."

Àbúrò mi kì í fi òfin ṣeré. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti parí iṣẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: "Ó ti di òdo o!" Màmá, tí yàrá wọn fi ògiri ti ilé ìdáná, á dáhùn láti orí ibùsùn: "Mo gbọ́!" Bí Màmá ò bá tètè dáhùn, á tún kígbe. Wọ́n sọ ọ́ di eré láàárín ara wọn. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe eré náà. Oṣù márùn-ún náà ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tèmi fi ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ó parí iṣẹ́, ó yí bọ́tìnnì, ó ti omi tútù tó ń ṣàn yí páìpù ká, ó kó àwọn ìgò lọ fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi níwájú ilé. Kò tíì fọ ìgò kẹfà tán tó fi gbọ́ tí nǹkan bú gbàmù nílé ìdáná. Kó tó sáré dẹ́yìn, iná ti gba ojú fèrèsé wọ yàrá Màmá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ilẹ̀kùn onírin yàrá náà mú, bó ṣe gbóná tó, tó fi gbé Màmá jáde. Ọwọ́ yẹn ò lè di ìgò mú mọ́.

Àǹtí wa, àkọ́bí Màmá, tí wọ́n ti ilé ọkọ wọn dé, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wọ́n dúró sórí àbúrò mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì títí dé ìgúnpá.

"O mu ọtí rẹ yó, o gbàgbé iná, o sun ìyá wa."

"Mo yí i, Àǹtí mi. Mo yí i sí òdo. Mo tún kígbe."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Àǹtí wa ní ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ibi tí Màmá wà. Kò sì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni Màmá lò. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n á dákẹ́ títí, wọ́n á wá ní, "Mo gbọ́." Àǹtí wa bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn ará ọ̀run ló ń pe Màmá. Nínú gbogbo ẹni tó yí ibùsùn yẹn ká, èmi nìkan ni mo mọ ẹni tí Màmá ń dá lóhùn. Mo di irin ibùsùn mú. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, Àǹtí wa sì wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fún wọn lómi."

A máa ń sọ pé bí omi bá dànù, bí agbè ò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ń tún un sọ fún mi ṣáá, bíi pé wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́. Tiwa, omi dànù, agbè fọ́.

Mo lọ wá àpótí náà nínú eérú. Ara rẹ̀ ti dúdú, ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn ti yọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì onírin náà ṣì wà níbi tí àbúrò mi yí i sí. Òdo. Mo gbé e wálé, mo tú u, mo fi tẹ́sítà, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ iná wò, kan ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Bó bá yè, tẹ́sítà á dákẹ́. Tẹ́sítà ké. Mo gbé e kúrò, mo tún fi kàn án, ó tún ké. Mo gbìyànjú láti parọ́ fún ara mi pé iná tó jó ilé ló pa á. Kí ló wá dá iná náà sílẹ̀? Mo ń kàn án lọ títí ìyàwó mi fi yọjú láti pálọ̀, tó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí nǹkan yẹn sinmi. Mo gbé òòlù, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́.

Ẹ máa béèrè ìdí tí n kò fi sọ. Ìdí náà ò lọ́lá kankan. Ojú ló tì mí. Ọ̀gá ni àwọn oníbàárà ń pè mí, ọmọ gidi ni Àǹtí wa ń pè mí. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi wá ẹlòmíràn tó máa bá mi gbé ẹ̀sín tèmi. Láti ìgbà náà, kò sí àpótí tó ń jáde lọ́wọ́ mi láìní súwíìṣì onírin. Méjì-méjì ni mo ń fi sí i.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ wo àbúrò mi nínú yàrá kan tó gbà. Ó ti rù. Ó gbé kẹ́tùlù kaná fún mi, ó fi ìgúnpá ti àga síwájú mi, ó jókòó.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti àbúrò ṣe. Ṣé ó lè jẹ́ pé mo yí i sí òdo, kó ṣì máa gbóná?"

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò tilẹ̀ dé ọjà.

"Rárá," mo ní. "Bó bá ti jẹ́ òdo, òdo náà ni."

Ó mi orí lọ, ó mi orí bọ̀. "Mo gbàgbé nìyẹn. Mo kàn lálàá pé mo kígbe ni."

"O gbàgbé ni. Ta ni kì í gbàgbé?"

"Ẹ ṣé gan-an. Ó sàn kí n mọ̀." Ó fi ìgúnpá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Kẹ́tùlù ti ń hó. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn àga mi. Mo gbọ́ bó ṣe fi ọrùn ọwọ́ yí bọ́tìnnì sítóòfù rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde bíi ti àtijọ́.

"Ó ti di òdo o!"

Ó dúró, ó ń retí èsì. Mo mọ èsì náà. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì tí kò ní àpá kankan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó tún kígbe.