Ọmọ Kejì Àṣàbí

Àṣàbí gbé ọmọ náà kalẹ̀ sí ìdí igi, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Kabir dìde fùú nínú gbọ̀ngàn sinimá ní Mende.

"Irọ́ ni," ó wí.

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó. Kò jókòó. Òun ló kọ ìwé ìtàn tí wọ́n fi ṣe fíìmù yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́ nínú yàrá kan ní Kétu, láàárín iṣẹ́ olùkọ́ àti ọmọ títọ́, kò sì sí ojú ìwé kan níbẹ̀ tí Àṣàbí, ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, ti fi ọmọ sílẹ̀. Nínú ìwé, nígbà tí ogun tú ìlú, Àṣàbí pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì lé èjìká, ó fi ọjọ́ mẹ́ta la igbó já. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé máa ń sunkún.

Fadékẹ́, ọmọbìnrin tó darí fíìmù náà, sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, sà. Ó yẹ kí n ti pè yín kí ẹ tó wò ó. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ta ló ní kí o ba ìyá wa lórúkọ jẹ́?"

Fadékẹ́ wolẹ̀. "Ẹ lọ bi Màmá ní Ìkòsì, sà."

Màmá yẹn ni Àlàájà Suwebat, àbúrò bàbá Kabir, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹnu rẹ̀ ni Kabir ti gbọ́ ìtàn náà. Nínú ọkọ̀, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún lọ́yà. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà, òun sì béèrè kí òun tó kọ̀wé.

Ó bá Àlàájà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Kabir ròyìn ohun tó rí fún un. Àlàájà ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Èmi ni mo sọ fún un," ó wí nígbẹ̀yìn.

Kabir rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fadékẹ́ yẹn wá síbí. Ó béèrè bí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ṣe máa ń ṣe nínú ilé. Mo ní bí wọ́n bá ti ń bu oúnjẹ, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àwo kékeré kan, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní, ti ta ni? Láti kékeré mi, Kabir, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Èmi náà béèrè, Màmá. Mo mú bíírò àti ìwé wá."

"O béèrè bí wọ́n ṣe gbé àwọn méjèèjì. Lọ́kàn rẹ, o ti gbé wọn jáde nígbó kó o tó débí. Inú rẹ dùn. Mi ò lè gba ọmọ kejì náà lọ́wọ́ rẹ."

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Ohùn Kabir ti rẹlẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n fi í sílẹ̀?"

"Ara rẹ̀ kò yá, ó ń ké. Àwọn ọmọ ogun wà nítòsí, èèyàn mọ́kànlá ló sì sá pamọ́ pọ̀. Bàbá bàbá rẹ ni Ìyá Àgbà pọ̀n sẹ́yìn."

Kabir gbìyànjú láti rántí ohun tí ọmọ kejì ṣe nínú ìwé lẹ́yìn tí wọ́n la igbó já, bóyá ó dàgbà, bóyá ó gbéyàwó, bóyá ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò rí nǹkan kan rántí. Kò kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn igbó náà, orí ìwé mẹ́rìnlá ló kù, kò sì dárúkọ ọmọ náà mọ́ nínú ìkankan wọn. Òun náà ti gbé e kalẹ̀, ó sì ti ń lọ, láìmọ̀.

"Màmá," ó wí, "kí lorúkọ rẹ̀?"

Àlàájà gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí Kabir lè ráàyè jókòó.