Ìborùn Josephine

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1991, ọyẹ́ bo Ajégúnlẹ̀ débi pé fèrè ọkọ̀ òkun láti Àpápá ń dún bí ẹni ń pe èèyàn lójú oorun. Josephine di ọmọbìnrin rẹ̀ Jọmílójú lọ́wọ́ mú, wọ́n forí lé ṣọ́ọ̀bù Madam Akpevwe, télọ̀ kan ní Amukoko, tó fẹ́ dán ọmọ náà wò bóyá yóò lè kọ́ṣẹ́. Ká má parọ́, àyà Josephine ń já. Àwọn télọ̀ mìíràn ti dá Jọmí padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lábùkù o! Ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kì í lè fi sílẹ̀ kó tó parí. Bí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á di etí mú, á máa mì síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní orí kunkun ni. Orí kunkun wo, ẹ jọ̀ọ́?

Madam ní kó máa rán bọ́tìnì mọ́ bùláùsì. Jọmí jókòó. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Eruku ọyẹ́ ń fò nínú oòrùn ẹnu ọ̀nà, ó ń rọra bà lé e lórí. Josephine wò ó títí, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

"Jọmí, fi ìyẹn sílẹ̀! Wá lọ gáùn yìí, abeg, oníbàárà ń dúró."

Ọwọ́ Jọmí dúró. Ó di etí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ìyá Jọmí, ẹ má bínú," ni Madam wí. "Èmi ò lè—"

Josephine ti dìde. Ìdí àtẹ ọṣẹ rẹ̀ ni Jọmí ti dàgbà. Bí Josephine bá fẹ́ kúrò nídìí àtẹ, aṣọ ló máa ń dà bo ọjà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé. Ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo bọ́tìnì àti bùláùsì.

"A ti bò ó, ọmọ mi. Kò lọ síbì kankan. Wàá padà wá bá a."

Jọmí wo aṣọ náà pẹ́. Ó fọwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà dáadáa. Ó wá dìde, ó gbé áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni Madam kígbe. "Kó máa bọ̀ lójoojúmọ́ jàre. Ẹ̀yin, ẹ máa lọ sídìí ọjà yín."

"Mo ti ń lọ, Madam." Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ Josephine kọ̀, kò gbé. Kò fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí.

Jọmí lọ gáùn tán. Ó ṣí ìborùn, ó rí bọ́tìnì rẹ̀ níbi tó fi í sí, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú ìborùn náà, ó dà á bò ó lórí, ó fọwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà dáadáa.

"Mo ti bò yín, Màámi. Màá padà wá bá yín."

Josephine sunkún lábẹ́ aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ló tó lè gbé ẹsẹ̀.