Iná Tó Sá Pamọ́ Sábẹ́ Ilẹ̀

Ó ti di ọjọ́ kẹta tí iná ti ń jẹ igbó orí òkè. Àwọn ará abúlé ẹsẹ̀ òkè ti sá kúrò nílé, orí ẹní ni wọ́n ń sùn nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà panápaná sọ lórí rédíò pé iná ti kú, kí kálukú palẹ̀ mọ́ padà sílé.

Ojú-Àwòdì ò gbà. Obìnrin yìí ló ń darí dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kì í gbé èèyàn, tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí ooru. Àwọn panápaná ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Lójú ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì panápaná, igbó dúdú bí kóró iṣin, àmọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn abúlé, àmì ooru méje ń tàn funfun yòò.

"Òkúta tí oòrùn pa nìyẹn," ni ọ̀gá wí.

"Oòrùn wo, sà? Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni."

Ọ̀gá fajú ro. "Gbé nǹkan yẹn sọ̀kalẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò."

"Iná ò gbọ́ rédíò, sà. N ò gbé e sọ̀."

Akọ̀wé tó ń mu tíì gbàgbé ife sẹ́nu.

"Iṣẹ́ rẹ lo fi ń ṣeré yẹn o!"

Obìnrin náà fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú, ó fi ìkejì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, olórí àwọn panápaná tó wà lẹ́nu afárá abúlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Gbòǹgbò igi ń jó lábẹ́ ilẹ̀."

"Àṣẹ ta ni?"

"Tèmi ni. Bó bá di ẹjọ́, orí mi ni kí ẹ dà á lé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Alágídí ọmọ ìyá mi!" Ó dí afárá, ó kó èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ síbi tí àbúrò rẹ̀ júwe. Wọ́n walẹ̀ díẹ̀, ẹyín iná pọ́n wẹ̀ẹ̀. Wọn ò tíì pa ju mẹ́ta lọ nínú méje tí afẹ́fẹ́ fi dé. Iná fò jáde, ó jó ilé méjì kanlẹ̀. Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú wọn.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá ní kí Ojú-Àwòdì kọ lẹ́tà àforíjì nítorí àìgbọràn. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Bẹ̀ ẹ́, kó tán níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"N ò ṣẹ̀, n ò bẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ bẹ àwọn tó fẹ́ rán wọnú iná."

Ó gbé báàgì kọ́ apá, ó gba gbọ̀ngàn ilé ìwé lọ, ó jókòó ti àwọn tó ni ilé méjèèjì tó jóná lórí ẹní, ó sì sọ gbogbo ohun tó rí fún wọn. Kò fi ọ̀kan pa mọ́.