Orúkọ Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Pè

Ẹ gbọ́, èmi Adébùnmí kì í ṣe ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì torí olórin. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yẹn, èmi náà rèé láàárín àwọn ọmọge tó kun ètè, níwájú gbọ̀ngán kan l'Ẹ́gbẹ́dá, tí oòrùn ń pa mí lórí. Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù n'Ígàndó, ìfun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ wáyé kílẹ̀ tó ṣú. Ọkọ mi ní òun ò ní fọwọ́ sí i, àfi tí òun bá bá àbúrò òun sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo fọ́ fèrè rẹ̀," ló ń wí ṣáá. "Tí mo bá kú láìbẹ̀ ẹ́, mo gbé."

Òótọ́ ni. Ó fẹsẹ̀ tẹ fèrè ọmọ ọlọ́mọ fọ́, ó ní ilé àwọn kì í bí alágbe. Àbúrò kó ẹrù, ó pààrọ̀ nọ́ńbà. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí mo fi rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri kan n'Íkọ̀tún, pẹ̀lú àdírẹ́sì gbọ̀ngán yìí àti orúkọ tó fi ń ṣeré: Fèrè Oyin!

Jibril, ará Ìbàdàn tó ń ṣọ́ géètì, bi mí pé, "Màdáàmù, ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ọkọ mi ni. Ẹni tó ń fun fèrè."

Àwọn ọmọge bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Mọ́mì, ọkọ gbogbo wa ni jàre!"

"Àbúrò ọkọ mi ni mò ń wí, ẹ̀yin aláìnítìjú wọ̀nyí!"

Jibril ní, "Gbogbo wọn ló ń pera wọn lẹ́bí. Kí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé? Ẹ sọ ọ́, kí n lọ pè é wá."

Háà! Orúkọ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé ni, ọkọ mi sì ni. Ìyá mi ti fà mí létí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́, torí ẹ̀rín rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ gan-an ò jáde lẹ́nu mi rí.

"Eyínmẹ́nugún ni," mo ní.

"Ìyẹn kọ́ lorúkọ tó sọ fún wa o. Ẹ sún sẹ́yìn."

Fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní inú ọkọ mi ti le bíi pákó, kò sì tíì gbà.

Mo ṣì ń bẹ Jibril nígbà tí géètì ṣí, tí bọ́ọ̀sì funfun kan yọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ ṣeré. Àwọn ọmọge ya lù ú: "Fèrè Oyin! Fèrè Oyin!" Mo rí i lẹ́yìn gíláàsì, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Mo sáré, sálúbàtà mi kan bọ́. Mo kígbe, "Eyínmẹ́nugún!" Ariwo wọn bo tèmi mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti fẹ́ já sí títì. Bó bá lọ báyìí, ọkọ mi lọ nìyẹn.

Ìyá mi, ẹ forí jì mí.

"Akínlẹ́yẹ!"

Bọ́ọ̀sì dúró. Eyínmẹ́nugún ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé yóò bínú sí mi ni, àṣé ètè rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

"Ìyàwó wa, ẹ pè mí lórúkọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi..."

"Ẹ ò pè mí lórúkọ rí láyé!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Bọ̀dá mi ti kú! Yé! Bọ̀dá mi kú, a ò sì tíì parí ìjà!"

Mo fà á lápá.

"Kò kú! Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Ẹ dìde, Eyínmẹ́nugún, ẹ dìde!"

Jibril fúnra rẹ̀ ló dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró fún wa. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní kó gbé fóònù sétí ọkọ mi.

"Bọ̀dá mi," ni àbúrò wí, "ẹ fọwọ́ sí i. Mi ò bínú mọ́. Mò ń bọ̀."

Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní ó ti gba bírò.

Àbúrò gbá fèrè rẹ̀ mọ́yà. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lórúkọ mọ́."