Ìbọ̀sẹ̀ Méjì Tí Kò Bára Mu

Ọkùnrin kan wà ní Omifunfun tí ó ń jẹ́ Ọláníran Ògúndípẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, orí kẹ̀kẹ́ ni ó sì fi ń kó kòkó rẹ̀ lọ sí Ọ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú. Àpò kan á wà lórí káríà, àpò kan á wà láàárín irin kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ á sì jókòó ṣánṣán bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Nígbà tí ìjọba ológun dé, tí epo ọkọ̀ di ohun tí a ń tò fún láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí mílíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ di àwátì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó wá ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi èyí gún ẹnikẹ́ni lójú rí, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ní ọdún 1985, ohun kan ṣoṣo ni ó gba ọkàn Ọláníran. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ agbègbè náà a máa ṣe ìdíje kan: láti oríta Ọ̀rẹ̀ lọ sí Odigbó, láti Odigbó gba ọ̀nà oko dé Omifunfun, kí wọ́n sì padà sí Ọ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò yí i ká láìsinmi. Ẹni tí ó bá gba ipò kìn-ín-ní ni yóò ṣojú gbogbo wọn ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ọ̀rẹ̀ ni ó ń lọ, tàbí ọmọ Odigbó. Ará Omifunfun kò lọ rí. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ kéde pé láti ọdún tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún kò ní kópa mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Ọláníran. Bí kò bá rí Àkúrẹ́ lọ lọ́dún náà, kò tún lè lọ mọ́ láé.

Ẹsẹ̀ ni ó dá a dúró lọ́dún tí ó ṣáájú. Àwọn èèyàn sọ fún un pé ìbọ̀sẹ̀ tí ó bá nípọn ni ó ń tu ẹsẹ̀ lára. Ó wá ra ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù kan, tuntun gbáko, ó sì fi ọjọ́ ìdíje gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Kò tí ì dé Odigbó lẹ́ẹ̀kejì tí ìbọ̀sẹ̀ náà ti mu òógùn yó, tí ó ká jọ sábẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ojú rírán rẹ̀ sì ń rẹ́ ọmọ-ìka rẹ̀ bí ayùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì lé ròrò. Ọkọ̀ agbégẹdú ni ó gbé òun àti kẹ̀kẹ́ délé. Fún odidi oṣù mẹ́ta, bí ó bá ti ń kọjá ní Ọ̀rẹ̀, wọn a máa pè é ní Ẹni-Ìbọ̀sẹ̀-Jẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ìdíje ku oṣù kan, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Sàádátù, obìnrin tí ó ń ta aṣọ òkìríkà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tuntun tí ó dára ti ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọjà òkèèrè kò wọlé bí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Òkìríkà nìkan ni ó ṣì ń rí ọ̀nà yọ́ wọlé. Sàádátù kó ìbọ̀sẹ̀ jọ gègèrè sórí ọ̀rá kan, ó sì jókòó tì í.

"Bàbá Oyin, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni ó fi kí Ọláníran. "Ẹ̀yin náà ni ẹ tún ń wá ìbọ̀sẹ̀? Mo ṣebí ẹ̀yin àti ìbọ̀sẹ̀ ti kọ ara yín sílẹ̀ ní kóòtù."

"Òótọ́ ni, a ti kọ ara wa," ni Ọláníran fèsì. "Òmíràn ni mo wá fẹ́."

Ó lóṣòó ti òkìtì náà. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yí inú wọn síta, ó sì ń fi àtàǹpàkò wọ́ ojú rírán tí ó wà níbi ìka ẹsẹ̀. Èyíkéyìí tí ojú rírán rẹ̀ bá yọ gọnbu, yóò jù ú sápá òsì. Èyí tí a ti tún gìgísẹ̀ rẹ̀ rán, apá òsì. Ó fa àwọn tí ó kù bọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ bá fi àpá sílẹ̀ lára ọwọ́ rẹ̀, apá òsì náà ni. Nígbà tí ó ṣe, mẹ́ta péré ni ó kù.

"Ẹ bá mi bu omi díẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ fẹ́ mu ún ni, àbí ẹ fẹ́ fi fọ ọjà mi?"

"Ẹ ṣáà bù ú wá."

Gbogbo ẹni tí ó bá ti sá kòkó rí ni ó mọ̀ pé a kì í fi ojú lásán mọ èyí tí ó gbẹ. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. A ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó fún un pọ̀, a ó sì la ọwọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, a ó dá a padà sórí ẹní. Bí ó bá ró pẹrẹpẹrẹ, tí ó sì já bọ́ fúnra rẹ̀, ó tó gbé lọ sórí ìwọ̀n. Ọgbọ́n yìí ni Ọláníran fi kan ìbọ̀sẹ̀. Ó ri ti àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ náílọ́ọ̀nù, bọ omi, ó fún un, ó sì la ọwọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewé tí òjò lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ri èkejì, tí ó jẹ́ òwú, bọ omi. Ó mu omi náà, ó kọ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wúwo, ó sì rọ̀ bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ. Ẹ̀kẹta jẹ́ irun àgùntàn tí a hun tín-ín-rín, tí ó ní àwọ̀ eérú. Ó fún un, ó la ọwọ́. Ó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó wú òkìtì náà títí tí ó fi rí òmíràn tí ìhun rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú ni èyí, bí èèpo kòkó.

Sàádátù wo méjèèjì, ó mi orí. "Bàbá Oyin, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wọ eléyìí jáde, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ti rà á. Ẹsẹ̀ kan ń lọ síbi òkú, ẹsẹ̀ kejì ń lọ sí oko."

"Ẹsẹ̀ méjèèjì ń lọ sí Àkúrẹ́," ni Ọláníran wí.

Fọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, fi ọṣẹ dúdú fọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì sá a sí ibòji kí ó má bàa sún kì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Ọláníran ń wọ̀ ọ́ sínú bàtà kánfáàsì rẹ̀, pẹ̀lú àpò kòkó méjì lórí kẹ̀kẹ́. Lálaalẹ́ ni ó ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ibi tí ó pọ́n, kò sí ibi tí ó wú. Àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kò jáde nílé.

Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ìdíje ni ọ̀rọ̀ dé. Màmá Oyèlọlá, tí í ṣe ìyá ìjọ wọn ní Omifunfun, pe Ọláníran síwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìsìn. Àwọn obìnrin ìjọ ti ránṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n ti ra ìbọ̀sẹ̀ funfun, náílọ́ọ̀nù tí ń kọ mànà, tí a fi ìlà búlúù méjì yí lẹ́nu. Wọ́n ti gbàdúrà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọláníran," ni Màmá wí, "lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ọ wálé bí àpò kòkó. Lọ́dún yìí, àwọn ará Ọ̀rẹ̀ yóò rí i pé o ní èèyàn lẹ́yìn. Èyí ni kí o wọ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí ó délé, ó ri ìbọ̀sẹ̀ náà bọ omi, ó fún un, ó la ọwọ́. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.

"Ẹ dákun, Bàbá Oyin, ẹ wọ̀ ọ́," ni Fọlákẹ́ wí. "Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Màmá?"

"Bí mo bá wọ̀ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹsẹ̀ yín kọ́ ni yóò bá mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọláníran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Kì í ṣe ẹni tí ń tàpá sí àgbà. Ó fẹ́ràn ìjọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nínú ọdún tí kò sí ọṣẹ, àwọn obìnrin náà ti fi ohun kan du ara wọn kí ìbọ̀sẹ̀ yẹn tó dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, àwọn èrò kún oríta Ọ̀rẹ̀. Sójà kan tí ó mú kòbókò dání ń to àwọn eléré sórí ìlà, bí wọ́n ti ń to gbogbo ènìyàn sórí ìlà lásìkò náà. Àwọn ará Omifunfun dúró lábẹ́ igi kan, Màmá Oyèlọlá ni ó wà níwájú wọn. Ọláníran wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun náà wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó lọ bá Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó ká wọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà wọ́n sí i. Àtẹ́wọ́ dá.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́jú wọn," ni ó wí. "Ìbọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ ni ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ni mo sì ń lọ ṣe báyìí. Bí mo bá gbapò kìn-ín-ní, n ó wọ̀ wọ́n wá síwájú pẹpẹ. Bí n kò bá gbà á, kí ẹ fi wọ́n fún ẹlòmíràn."

"O wá gbọ́n ju àwa àti àdúrà wa lọ?"

"Rárá, Màmá. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo mọ̀ jù yín lọ."

Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ òkìríkà rẹ̀ méjèèjì láti inú àpò, ó sì wọ̀ wọ́n. Màmá wo ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú, ó wo èyí tí ó pupa, ó sì gbójú kúrò. "Ó dára. Gbogbo ayé ni yóò wo ẹsẹ̀ rẹ lónìí."

Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà ni Victor, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan ní ilé ìlagẹdú ní Ọ̀rẹ̀; òun ni ó lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún tí ó kọjá. Ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ funfun, ó tuntun, ó ń dán. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "àwọn ìbọ̀sẹ̀ yín kò jọ mọ ara wọn."

"Wọn yóò ti mọ ara wọn kí a tó dé Odigbó," ni Ọláníran fèsì. Sójà náà fun fèrè.

Victor ni ó ṣíwájú ní ìyípo kìn-ín-ní. Ọláníran kò lé e. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ó ru kòkó, ó sì ń fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn mú gan-an, eruku pupa ọ̀nà oko ń bo wọ́n lójú. Nígbà tí wọ́n gba Omifunfun kọjá, àwọn ará ilé dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì pàtẹ́wọ́. Ìròyìn ìbọ̀sẹ̀ funfun ti ṣáájú rẹ̀ délé. Èyí dùn ún ju gbogbo òkè tí ó ti gùn lọ. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Odigbó lẹ́ẹ̀kejì ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Òógùn ti rin bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ náà kò ká jọ, kò lẹ̀, kò gbóná. Ó ń dúró de ìrora ọdún tí ó kọjá. Ìrora náà kò wá. Níwájú rẹ̀, ó rí i tí Victor yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí pẹ́dàlì, tí ó gbọ̀n ọ́n, tí ó dá a padà, tí ó sì tún yọ ọ́. Ọláníran mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àánú ọmọ náà ṣe é, ó sì tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀.

Victor kò tìtorí ìrora ẹsẹ̀ yìí juwọ́ sílẹ̀ o. Ó bá a jà títí dé Omifunfun, ó bá a jà títí dé ìdajì ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí oríta yọ lókèèrè, Ọláníran dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ó sì fi gbogbo ọdún tí ó ti fi ru kòkó wa kẹ̀kẹ́ náà. Ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ méjì péré ni ó fi ṣáájú Victor. Òun ni ó gbapò kìn-ín-ní.

Ariwo àwọn ará Omifunfun gba oríta kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dì mọ́ ọn, nítorí Màmá Oyèlọlá ti ń bọ̀, wọ́n sì yà fún un. Ọláníran jókòó sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

"Mú ẹsẹ̀ wá," ni Màmá wí.

Màmá jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò, ó ya ìka ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí ó bó, kò sí ibi tí ó lé ròrò. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò wọ́ ojú rírán rẹ̀. Màmá Oyèlọlá ti ń sá kòkó fún àádọ́ta ọdún. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ó fún ìbọ̀sẹ̀ tí ó kún fún òógùn náà pọ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀, ó sì la ọwọ́. Ó já bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Eléyìí ti tó gbé lọ sórí ìwọ̀n," ni ó wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ní ọjọ́ Àìkú, o ó wọ funfun."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sókè kí gbogbo oríta lè rí i. "Ta ni ó ta èyí fún ọmọ wa?"

Ọláníran rántí ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ ẹ́, ó sì pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kejì òpópónà, obìnrin kan ti dìde lẹ́yìn òkìtì aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè gbọọrọ.

"Ọ̀dọ̀ mi ni, Màmá," ni Sàádátù wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti rà á."