Ilẹ̀kùn Pupa Tí A Kì Í Tì

Ọkùnrin kan kọ̀wé béèrè ohun tí àlejò yóò bá pàdé bí ó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi Alden Pruitt ni mo sì dá a lóhùn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù.

Ìjọ Episkopal, ìyẹn Áńgílíkà ti Amẹ́ríkà, ni wá, ní Tarrow Cove, létí òkun Maine. A ò ju mẹ́tàlélógún lọ, ọ̀pọ̀ wa ló sì ti darúgbó. Ogójì ọdún ni mo fi dẹ pàkúté fún alákàṣà nínú òkun yìí. Nígbà tí orúnkún mi ní òun ò ṣe mọ́, Ìyá Lorraine, àlùfáà wa, ní kí n máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pupa, kí n máa kí àlejò káàbọ̀. Wọ́n tún gbé ojú ìwé ìjọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́. Eunice Coombs, tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló dá a lábàá.

"Alden ni kẹ́ ẹ gbé e fún," ó ní. "Ó kúkú fẹ́ràn ẹjọ́ wẹ́wẹ́."

Nínú oṣù kẹwàá ni Corinne dé, aṣọ òjò rẹ̀ ń kán tó-tó-tó. Orí ìjókòó tó gbẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, ló jókòó sí. Mo na káàdì tí a ń fún àlejò sí i.

"Bàbá, ṣé dandan ni?"

"Kò sí dandan níbí, ọmọ mi. Bó bá wù ọ́, kúnlẹ̀. Bó bá wù ọ́, jókòó. Tábìlì Olúwa wà fún gbogbo wa."

Orúkọ kan ṣoṣo ló kọ, kò kọ ti baba rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, nígbà tí a ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, Eunice bu kéèkì fún un, ó sọ ohun kan sí i létí, Corinne sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Mo ya àwòrán rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Mo fi í sójú ìwé ìjọ, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ojú tuntun láàárín wa. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bọ̀." Ohun tó gbé e dé ìlú wa, Ìyá Lorraine nìkan ló sọ ọ́ fún, Ìyá Lorraine kì í sì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú ni ìwé ọkùnrin náà wọlé sójú ìwé ìjọ. Níbi tó yẹ kí àwòrán rẹ̀ wà, kò fi ojú ara rẹ̀ síbẹ̀, ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ní etí funfun kan ló fi síbẹ̀. Ó béèrè aago ìsìn. Mo ní mẹ́wàá. Ó béèrè ibi tí èèyàn ń gbé ọkọ̀ sí. Mo ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ ìsìn. Ó ní ṣé àlejò ní ibi ìjókòó tirẹ̀. Mo ní rárá o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ó ní òun ò mọ àṣà wa, ìgbà wo ni àwọn èèyàn máa ń dìde rìn káàkiri?

Inú mi dùn sí ìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a máa ń kí ara wa ní àlàáfíà, àti pé lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo èèyàn ló ń fi ìjókòó sílẹ̀, a ó máa dì mọ́ ara wa títí àlùfáà yóò fi bẹ̀ wá pé kí a jókòó.

Ó fèsì pé: "Ó dára. Ìgbà yẹn ni màá dìde."

Lọ́jọ́ Àìkú, kùrukùru bo etíkun, fèrè tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi sì ti ń ké láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Corinne tètè dé. Mo ní kí n bá a ṣeré.

"Àwòrán ẹ ti bá wa pe èrò wá o."

"Àwòrán wo, Bàbá?"

Mo gbé fóònù fún un. Ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ọkùnrin náà sọ, ó rọra ń kà á. Nígbà tó dé ìparí, ó fi ìka kan ajá yẹn.

"Ajá mi nìyí," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni mo fi í sí nígbà tí mo sá."

Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Mo rí àpá tó wà níbẹ̀, mo sì gbé ojú kúrò.

"Ó ti búra pé bí òun bá tún rí mi, kò ní mọ sórí àpá."

Ibi tí a dúró sí la ti gbọ́ táyà ọkọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí mo júwe fún un ló gbé e sí.

Mo fa Corinne wọ yàrá àlùfáà. Ìyá Lorraine gbọ́ gbólóhùn méjì, ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní nínú kùrukùru yìí, yóò tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì jáde láti ẹ̀yìn, abẹ́ fèrèsé ìjókòó tó gbẹ̀yìn ló gbà kọjá.

"Ẹ lọ kí i bí ẹ ṣe ń kí gbogbo àlejò," Ìyá Lorraine sọ fún mi. "Bó bá dìde kúrò nídìí fèrèsé, kí ẹ fi ọkọ̀ yín gbé Corinne lọ."

Mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pupa. Mo na ọwọ́, ó gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ẹ̀rín rẹ̀ dára.

"Ẹ̀yin lẹ dá mi lóhùn," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ rí bẹ́ ẹ ṣe wí i gan-an, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí. Kí ni ǹ bá tún wí?

Ibi tí Corinne máa ń jókòó gan-an ló jókòó sí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan tìmùtìmù ibẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì gbóná. Kò ṣí ìwé àdúrà. Ẹ̀yìn orí wa ló ń wò, níkọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí Ìyá Lorraine sọ ọ̀rọ̀ kan sí Eunice létí kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú yàrá lọ bá Corinne. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ìyókù.

"Kí àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín nígbà gbogbo."

Ẹsẹ̀ ń rìn. Lẹ́yìn náà, ohùn Eunice.

"Àlàáfíà, ọmọ mi. Ìlú wo lo ti wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ n kọjá."

"O ó kọjá. Fún mi lọ́wọ́ kejì ná. Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni? Verna, wá kí i. Ẹ wá o, gbogbo yín, àlejò wa nìyí."

A jáde. Ajá yẹn wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bó ti rí Corinne, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó ń fò lu gíláàsì. Mo ní kó má dúró, ṣùgbọ́n ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà, ajá ń lá a láti inú. Ariwo inú ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ lójijì. Mo tì í wọ ọkọ̀ mi. Bí a ṣe ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, Ìyá Lorraine ti bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì ń kọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

Eunice ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ọkùnrin náà rọra já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, kò bínú rárá, ó sì jáde. Wọ́n wò ó láti ojú fèrèsé. Àmì ìka márùn-ún Corinne ṣì wà nínú ìrì tó bo gíláàsì. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó ti lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Ọlọ́pàá náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun yóò máa wá a, ṣùgbọ́n pé ẹni tó wá jọ́sìn kò tíì ṣẹ̀.

Ibi tí mo gbé Corinne lọ, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Mo ti kọ èyí tó tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, ajá elétí funfun yẹn tún jáde lójú fóònù mi. "Ẹ ṣeun, Bàbá Alden. Wọ́n kí mi dáadáa. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò rí nígbà tí gbogbo wọn ń kí mi, ẹ̀yin lẹ sì mọ ibi tó wà. Màá wá kí yín lọ́la."

Eunice ní ká ti ilẹ̀kùn. Ìyá Lorraine ní ọlọ́pàá yóò jókòó láàárín wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kò ní í wà ní títì lọ́jọ́ Àìkú. Kùrukùru ti tún ń wọlé láti òkun. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn, èmi náà ni yóò sì ṣí i lọ́la.